Àfòmọ́ Orí Orógbó

Ojú ògiri ni wọ́n ti ń wo inú iṣan ẹ̀jẹ̀ Àwẹ̀ró lọ́jọ́ náà. Awò-iṣan ni orúkọ ẹ̀rọ tó ń ṣe é. Wọn a de okùn tẹ́ẹ́rẹ́ kan mọ́ aláìsàn lápá, gbogbo ọ̀nà tí ẹ̀jẹ̀ ń tọ̀ nínú ara rẹ̀ yóò sì hàn gàdàgbà lójú ògiri, débi pé ènìyàn lè dúró síwájú iṣan kan bí ẹni tó dúró sẹ́nu ihò òkúta. Ká má purọ́, ẹ̀rọ náà kàmàmà. Àwọn baba ńlá wa tó jẹ́ pé ojú àti èékánná aláìsàn ni wọ́n ń wò kí wọ́n tó mọ ohun tó ń ṣe é, bí wọ́n bá rí i, wọn ìbá ṣí fìlà fún un.

"Ṣé inú mi ni gbogbo yín ń wò báyìí?" Àwẹ̀ró béèrè láti orí bẹ́ẹ̀dì. "Ẹ bá mi wò ó dáadáa, bóyá ẹ ó rí ẹ̀wà tí mo jẹ lánàá."

Àwọn ọ̀mọ̀wé tó yí i ká rẹ́rìn-ín, àmọ́ ẹ̀rín náà kò dénú. Fadérera ọmọ rẹ̀, ọ̀mọ̀wé nípa ewé àti egbò, ló dúró sídìí ẹ̀rọ. Láàárọ̀ ọjọ́ náà ló fún ìyá rẹ̀ ní àgbo àfòmọ́ mu. Ewé tó ń hù lórí ẹ̀ka igi mìíràn, tó ń fa omi ara igi náà mu, là ń pè ní àfòmọ́, ó sì ti pẹ́ tí àwọn Yorùbá ti ń lò ó fún ẹ̀jẹ̀ ríru. Ṣùgbọ́n inú ìgò ni Fadérera ti mú tirẹ̀ hù, láìjẹ́ kó fara kan igi kankan. Gbogbo ilé ìwòsàn ló ti ń yìn ín láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá, wọ́n ní àfòmọ́ tí kò da igi láàmú, irú rẹ̀ ò sí rí.

Wọ́n dúró, wọ́n ń wo ògiri. Iṣan tó wà níwájú wọn ti le, ó sì ti fún pọ̀, bíi rọ́bà tí oòrùn ti pa. Ẹ̀jẹ̀ ń fi tipátipá gba inú rẹ̀. Wọ́n retí pé kó dẹ̀, kò dẹ̀. Lẹ́yìn ojú ọ̀tún Àwẹ̀ró, iṣan kékeré kan ti wú síta bíi bàlúù tí ọmọdé ń fẹ́ atẹ́gùn sí, awọ rẹ̀ sì ti tínrín débi pé pípọ́n ẹ̀jẹ̀ hàn lára rẹ̀.

Fadérera pa ẹ̀rọ. Ó mọ ohun tó rí. Bí iṣan yẹn bá bẹ́, ìyá òun lọ nìyẹn.

Ìlú Àtìbàbà lórí òṣùpá lọ̀rọ̀ yìí ti ṣẹlẹ̀. Àwọn tó tẹ ìlú náà dó rò pé àwọn ò ní pẹ́ níbẹ̀, ni wọ́n ṣe sọ ọ́ ní Àtìbàbà, bí ẹni tó fi ọ̀pá mẹ́rin àti tapólì ṣe ibòji lẹ́bàá ọ̀nà. Wọ́n pẹ́. Wọ́n bímọ, àwọn ọmọ wọn náà bímọ. Ìborí gíláàsì kan ló bo ìlú náà látòkè délẹ̀, afẹ́fẹ́ tó mọ́ ń fẹ́ lábẹ́ rẹ̀, iná kì í sì í lọ, ẹ̀yin tí ẹ wà láyé ẹ má bínú. Èdè Yorùbá ni wọ́n ń sọ sí ẹ̀rọ, èdè Yorùbá náà ni ẹ̀rọ fi ń dá wọn lóhùn, tó tún ń kí wọn pé ẹ kú iṣẹ́.

Àìsàn kan ṣoṣo ló borí wọn. Ara fúyẹ́ lórí òṣùpá. Ẹ̀jẹ̀ tí ilẹ̀ ayé máa ń fà wálẹ̀ kò rí ẹni fà á mọ́, ó ń gòkè lọ sí àyà àti orí. Awọ tínrín kan wà tó tẹ́ inú iṣan wa, awọ yìí a sì máa mí èémí kékeré kan tí wọ́n ń pè ní èémí-iṣan. Èémí yìí ló ń sọ fún iṣan pé kó dẹ̀, pé ẹ̀jẹ̀ ń bọ̀ wá kọjá. Bí ènìyàn bá pẹ́ lórí òṣùpá, awọ náà á gbàgbé bí wọ́n ṣe ń mí. Iṣan á le, ẹ̀jẹ̀ á ru. Oògùn oníhóró tí wọ́n ń kó wá láti ayé kò ran ara tó ti di ara òṣùpá. Ẹni tó bá sì ti rí bí Àwẹ̀ró ti rí kò lè padà sáyé lọ gba ìtọ́jú, nítorí ìgbà tí ọkọ̀ òfurufú bá ń fò sókè gan-an ni iṣan orí rẹ̀ yóò bẹ́. Wọ́n ti sin ènìyàn lọ́dún náà, wọ́n tún sin òmíràn, àwọn tí wọ́n sin kò sì tíì dàgbà púpọ̀.

Fadérera padà sídìí tábìlì iṣẹ́ rẹ̀. Ó kó àfòmọ́ inú ìgò síwájú, ó kó èyí tó ti gbìn sórí mángòrò tì í, ó tún kó èyí tó hù lórí ọsàn tì í. Ó fi ẹ̀rọ tú gbogbo wọn palẹ̀, ó wo ohun tó wà nínú wọn. Ohun tó rí bí i nínú, nítorí ó ti yẹ kó mọ̀ ọ́n tipẹ́. Àwa Yorùbá a máa bú ẹni tó ń gbé lọ́rùn ẹlòmíràn pé àfòmọ́ kò ní gbòǹgbò, igi gbogbo ló bá tan. Kò yé wa pé ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ ń bẹ nínú èébú náà. Ohun tí igi bá ní ni àfòmọ́ ń ní. Àfòmọ́ inú ìgò mu omi lásán, omi lásán náà ló sì fún Àwẹ̀ró. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé ẹni tó bá fẹ́ ra àfòmọ́ láyé àtijọ́ kì í ṣàì kọ́kọ́ béèrè pé, "Orí igi wo lẹ ti já a?"

Ó sì mọ igi tí ọ̀rọ̀ kàn. Orógbó ni. Oje orógbó ní ohun kan nínú tó lè jí awọ inú iṣan lójú oorun, ó ti dán an wò lára èèpo rẹ̀ gbígbẹ. Bí ènìyàn bá jẹ orógbó fúnra rẹ̀ títí ẹnu rẹ̀ fi korò bíi jogbo, ikùn á ti ba ohun náà jẹ́ kó tó dénú ẹ̀jẹ̀. Àfòmọ́ ló mọ bí wọ́n ṣe ń wọ aṣọ fún un tí yóò fi kọjá láìfarapa. Ewé tí a ń pè ní ọ̀lẹ ń ṣe iṣẹ́ tí gbogbo yàrá iṣẹ́ Fadérera kò lè ṣe.

Kì í ṣe òun nìkan ló mọ̀. Àwọn ọ̀mọ̀wé ẹgbẹ́ rẹ̀ náà mọ̀, kò sì sẹ́ni tó lè lanu sọ ọ́. Igi orógbó kan ṣoṣo ló wà ní Àtìbàbà, àárín ìlú ló sì wà; èso rẹ̀ tí wọ́n gbìn kò hù rí. Kò sí ọmọ tí wọ́n bí nílùú náà tí wọn ò fi èso igi yẹn sọ lórúkọ. Oyin tí wọ́n ń fi kan ọmọ lẹ́nu, ẹ̀rọ ló ń ṣe é. Iyọ̀ àti ataare wọn, inú yàrá iṣẹ́ ló ti ń wá. Orógbó nìkan ló jẹ́ pé igi ló so ó, òun náà sì ni wọ́n fi ń wúre pé kí ọmọ gbó, kó tọ́. Èso kankan kò sì gbọdọ̀ ti ayé wọ òṣùpá mọ́ látìgbà tí kòkòrò kan ti bá ọ̀gẹ̀dẹ̀ wọlé, tó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ gbogbo oko wọn tán. Nítorí náà, àwọn ọ̀mọ̀wé gbé àfòmọ́ kiri orí mángòrò àti orí ọsàn, wọ́n gbé e wọ inú ìgò, wọ́n ń yí orógbó ká bí ọmọ tó ń yẹra fún àga bàbá rẹ̀. Ọ̀wọ̀ ló pa wọ́n lẹ́nu mọ́. Ọ̀wọ̀ náà sì ń pa ènìyàn.

Baba Fadérera gan-an ni olùtọ́jú igi náà. Ọláoṣebìkan ni wọ́n ń pè é. Òun ló gbé e wá láti oko bàbá rẹ̀ nígbà tó ṣì jẹ́ ọ̀dọ́, tó gbé e lé itan nínú ọkọ̀ òfurufú bí ìyá tó gbọ́mọ. Ìdí igi náà ni Fadérera bá a, tó ń fi aṣọ tútù nu ewé.

"Bàámi, ẹ kú iṣẹ́."

"O káre. Màmá rẹ ńkọ́? Ṣé àgbo yẹn ti jẹ́?"

"Kò jẹ́, Bàámi. Ẹ̀yin ni mo sì wá bẹ̀." Ó kúnlẹ̀. Ó ṣàlàyé gbogbo rẹ̀, kò fi nǹkan kan pamọ́. "Bí àfòmọ́ bá wà lórí rẹ̀, igi náà kò ní kú. Ṣùgbọ́n agbára tó yẹ kó fi so èso, àfòmọ́ ni yóò máa jẹ ẹ́. Kò ní so mọ́, níwọ̀n ìgbà tí a bá ṣì nílò oògùn náà."

Baba rẹ̀ ju aṣọ sílẹ̀. "Fadérera! Láti kékeré ni bàbá mi ti fi ọ̀pá tí a so ọ̀bẹ mọ́ lórí lé mi lọ́wọ́, pé kí n máa gé àfòmọ́ kúrò lórí kòkó. Ó ní tí n bá rí i tí n kò gé e, olè ni mo gbà sílé. Ìwọ wá fẹ́ kí n fi ọwọ́ ara mi gbé olè lé igi yìí lórí?"

"Bàámi, Màámi ni—"

"Mo mọ ẹni tí í ṣe! Èmi ni mo fẹ́ ẹ, kì í ṣe ìwọ. Dìde, o ò gbọdọ̀ kúnlẹ̀ bẹ irú ẹ̀bẹ̀ yìí."

Ọ̀rọ̀ náà dé ọ̀dọ̀ ìgbìmọ̀ àgbà, wọ́n sì pe ìpàdé sábẹ́ igi náà. Alàgbà Látúnjí, olórí wọn, gbọ́ tẹnu Fadérera tán, ó mi orí.

"Ọmọ mi, a ò sọ pé irọ́ lo pa," ó ní. "Ẹ̀yin ọ̀mọ̀wé ń gbìyànjú, ẹ kú làálàá. Àmọ́ ìwọ ti jẹ orógbó tìrẹ, èmi náà ti jẹ tèmi. Àwọn tí wọn ò tíì bí, ta ni yóò bá wọn sọ̀rọ̀ níbí? Ọmọ tí kò jẹ orógbó, báwo la ó ṣe wúre fún un pé kó gbó?"

Fadérera gbọ́wọ́ lé ikùn rẹ̀ fẹ́ẹ́, ó sì tún gbé e kúrò. Kò sẹ́ni tó fiyè sí i.

"Bàbá," ó dáhùn, "gbogbo àwọn tí a sin lọ́dún yìí ló jẹ orógbó. Ìsìnkú wọn la lọ, kì í ṣe ìdágbére arúgbó. Igi yìí fẹ́ ká gbó lóòótọ́, Bàbá, ṣùgbọ́n a ò jẹ́ kó ṣiṣẹ́ náà."

Àwọn kan bú u pé ẹnu rẹ̀ gbó jù. Àwọn kan tẹ orí ba, nítorí òkú tiwọn wà nínú àwọn tó mẹ́nu kàn. Alàgbà Látúnjí wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó sì ṣe bí àgbà tó rí iná tí kò fẹ́ fọwọ́ kàn. Ó ní ẹni tó gbé igi wá ló ni ọ̀rọ̀ igi. Gbogbo ojú yí sí Ọláoṣebìkan.

"Rárá," ló wí, ó sì kúrò níbẹ̀.

Ó gba ilé ìwòsàn lọ tààrà. Inú ń bí i, kò sì mọ ẹni tí ìbínú náà wà fún. Ojúmọmọ ni, ìmọ́lẹ̀ ìborí ìlú ń tàn yòò wọ inú yàrá. Àwẹ̀ró jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, ó ń fi ọwọ́ wá sálúbàtà rẹ̀ nílẹ̀ lápá ọ̀tún bí ẹni tó wà lókùnkùn.

"Bàbá Fadérera, ṣé ẹ̀yin nìyẹn? Ta ló paná apá ibí yìí?"

"Iná kò kú, Àwẹ̀ró."

Àwẹ̀ró fi àtẹ́lẹwọ́ bo ojú òsì, ó sì tún ṣí i. "Háà," ló wí jẹ́jẹ́. "Ojú ọ̀tún mi ni. Ẹ má pariwo fún Fadérera, ọmọ yẹn kò tíì jẹun láti àárọ̀."

Ọkùnrin tí kò gbà fún odindi ìlú ló yí padà, tó ń sáré lọ sí yàrá iṣẹ́ ọmọ rẹ̀, ìyẹn bí ènìyàn bá lè sọ pé wọ́n ń sáré lórí òṣùpá, nítorí fífò ni wọ́n ń fò bí ọ̀pọ̀lọ́.

"Mú kóró àfòmọ́ náà wá," ó wí. "Mú u wá kí n tó tún ronú."

Láyé, ẹyẹ ló ń gbin àfòmọ́. Ẹyẹ á jẹ èso rẹ̀, kóró inú rẹ̀ tó ń yọ̀ bí omi ilá á lẹ̀ mọ́ ọn lẹ́nu, yóò wá fi ẹnu nu ara ẹ̀ka. Òṣùpá kò ní ẹyẹ. Ọwọ́ ẹ̀rọ kò sì lè ṣe é, afẹ́fẹ́ ìlú náà gbẹ débi pé omi ara kóró á ti gbẹ kó tó kan igi. Ẹnu tó gbóná tó sì ní itọ́ ló ń fẹ́. Nídìí orógbó, Fadérera gun àkàbà, ó la ẹnu láti ju èso àfòmọ́ kan sí i. Baba rẹ̀ di ọwọ́ rẹ̀ mú láti ìsàlẹ̀.

"Fún mi. Bó bá jẹ́ pé ẹnì kan ni yóò ṣe igi mi léṣe, èmi náà ni."

Ọmọ sọ̀ kalẹ̀, baba gun àkàbà. Ó fi eyín bó èso náà, ó fi ahọ́n yí i, ó gbé ẹnu sára èèpo igi, ó sì fi ahọ́n tì í sínú pàlàpálá. Ó ṣe òmíràn, ó tún ṣe òmíràn. Omi rẹ̀ fà lọ́lọ́lọ́ mọ́ irùngbọ̀n rẹ̀. Fadérera ń wò ó láti ìsàlẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín, omi sì ń bọ́ lójú rẹ̀. Kò fẹ́ràn baba rẹ̀ tó báyẹn rí.

Fadérera ti yí ẹ̀dá àfòmọ́ náà padà kó lè máa yára dàgbà. Síbẹ̀ ìdúró náà gùn. Wọn ò gbà kí Àwẹ̀ró dìde, wọn ò gbà kó wúkọ́, ó ní òun fẹ́ sín, gbogbo yàrá di ariwo. Nígbẹ̀yìn, ewé kékeré méjì yọ lára ẹ̀ka orógbó, ó dán, ó sì nípọn. Ó di mẹ́rin, ó di ìdì. Wọ́n já a, wọ́n sè é, wọ́n gbé e fún Àwẹ̀ró. Ó tọ́ ọ wò, ó ní irú ìkorò yìí, bí kò bá wo ènìyàn, á jẹ́ pé ó pa á.

Wọ́n tan awò-iṣan. Fún ìgbà díẹ̀, kò sí nǹkan kan. Iṣan náà le síbẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ń já lu ògiri rẹ̀. Nígbà tó yá, awọ inú rẹ̀ gbọ̀n. Ó gbọ̀n lẹ́ẹ̀kan sí i, bí ojú omi tí afẹ́fẹ́ fẹ́ sí. Èémí-iṣan tí ẹ̀rọ ń fi àwọ̀ ewé hàn bẹ̀rẹ̀ sí í yọ díẹ̀díẹ̀ láti ara awọ náà, níbí, lọ́hùn-ún, títí gbogbo ọ̀nà fi kún fún un. Iṣan dẹ̀. Ó fẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ tó ti ń jà bí ẹran tí wọ́n so rọlẹ̀, ó ń rìn ní ìrọ̀rùn. Ẹ̀yin ènìyàn mi, ìran náà dùn ún wò. Ewé kan tí kò ní gbòǹgbò, igi kan tí kò lè sọ̀rọ̀, ohun tí wọ́n jọ mọ̀ nípa ara wa kò tíì sí nínú orí ẹnikẹ́ni. Bàlúù kékeré tó wà lẹ́yìn ojú Àwẹ̀ró ń rọ níṣojú wọn.

Yàrá bú sí ariwo. Àwọn ọ̀mọ̀wé ń dì mọ́ ara wọn.

"Kí lẹ rí?" Àwẹ̀ró béèrè. "Ẹ̀wà náà ni?"

Ojú ọ̀tún rẹ̀ kò padà là, ṣùgbọ́n ó wà láàyè. Àwọn mìíràn náà mu àgbo náà, wọ́n sì wà láàyè. Ọdún náà parí láìsí ìsìnkú kankan mọ́ nítorí ẹ̀jẹ̀ ríru, àwọn tó bú Fadérera ní ìpàdé sì ń bẹ̀ ẹ́ pé kó forí jì wọ́n.

Igi ńkọ́? Òdòdó tó yọ bọ́ sílẹ̀ láìdi èso. Ewé apá ìsàlẹ̀ pọ́n. Ọláoṣebìkan fi ìdajì omi ìpín tirẹ̀ kún ti igi náà, ó ń bu ú sí i nídìí lójoojúmọ́, ó sì ń bá a sọ̀rọ̀. Ẹni tó bá gba ibẹ̀ kọjá a máa gbọ́ ọ tó ń sọ pé, "Fara dà á, ìyàwó mi ló ń jẹun lára rẹ." Kò bá àfòmọ́ sọ ohunkóhun rí. Èso tó wà nípamọ́ ń tán lọ, ìsọmọlórúkọ kan tẹ̀lé òmíràn. Nígbà tó ku ẹyọ kan, ó ti hàn gbangba pé Fadérera lóyún, Ọláoṣebìkan sì fẹ́ fi èyí náà pamọ́ fún un. Fadérera kọ̀. Ó ní obìnrin kan ti bímọ ṣáájú òun ní àdúgbò kejì, ti ọmọ yẹn ni.

Fadérera bímọ, obìnrin ni. Ní ọjọ́ kẹjọ, ilé kún. Alàgbà Látúnjí gbé ọmọ lọ́wọ́, ó fi omi kàn án lẹ́nu, ó wúre. Ó fi oyin kàn án lẹ́nu, ó fi iyọ̀, ó fi ataare. Ọwọ́ rẹ̀ tún na síwájú bó ṣe máa ń nà láti ọdún pípẹ́, ó kan àwo, àwo sì ṣófo. Ó dúró bẹ́ẹ̀. Àwọn tó mọ iye tí wọ́n san fún ẹ̀mí ara wọn wo ilẹ̀. Fadérera di etí aṣọ rẹ̀ mú, ó ń wo ọmọ rẹ̀ tó la ẹnu tó ń retí.

Ọláoṣebìkan dìde. Ó gba ọmọ náà lọ́wọ́ Alàgbà, ó gbé e lọ síbi tí Àwẹ̀ró jókòó sí. Ó ká ọwọ́ aṣọ ìyàwó rẹ̀ sókè, ó tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ ọmọ náà lé e lọ́rùn ọwọ́, níbi tí iṣan ti ń lù, tó rọ̀, tó sì ń lọ déédéé.

"Ohun tí igi náà ní," ó wí, "ibí ló kó o sí. Alàgbà, ẹ máa wúre lọ."

Ọmọ náà di ọwọ́ ìyá ńlá rẹ̀ mú pinpin. Alàgbà Látúnjí nu ojú, ó wúre pé kó gbó, kó tọ́, kó pẹ́ láyé, àti lórí òṣùpá pẹ̀lú.

"Ẹ sọ fún un kó rọra tẹ̀ ẹ́ o," Àwẹ̀ró wí, "èmi kì í ṣe igi."

Ilé bú sẹ́rìn-ín. Ọláoṣebìkan náà rẹ́rìn-ín, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi wá ibi jókòó sí. Ìgbà tó ṣí fìlà, tó fi bojú, ni wọ́n tó mọ̀ pé kì í ṣe ẹ̀rín mọ́.